Mòtẹ́ẹ̀lì bàbá àgbà àti ìyá àgbà mi lọ́nà Ìjẹ̀bú-Òde: ta ló rántí ẹ̀, ibo ni mo sì ti lè rí ìtàn ẹ̀?

Ọmọ Ọ̀nà Ìjẹ̀bú

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí gùn díẹ̀ ṣùgbọ́n kò kúrò lọ́kàn mi látìgbà tá a ti sin ìyá àgbà mi lọ́dún tó kọjá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á, pàápàá ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ti rìn lọ́nà Ìbàdàn sí Ìjẹ̀bú-Òde láyé ọjọ́un.

Bàbá tó bí bàbá mi àti ìyàálé ilé wọn, ìyẹn ìyá àgbà mi, ní mòtẹ́ẹ̀lì kan létí títì, ó kù díẹ̀ kéèyàn dé Ìdí-Ayunrẹ́ téèyàn bá ń ti Ìbàdàn lọ. Yàrá mẹ́jọ ni, mẹ́rin kọjú sí mẹ́rin, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ kan la àárín wọn kọjá, ilé ìdáná ń bẹ lẹ́yìn, iwájú ilé sì fẹ̀ débi tí ọkọ̀ Bedford mẹ́ta mẹ́rin fi lè dúró láì dí títì. Nígbà yẹn, ọ̀nà yẹn lọ̀nà Èkó. Kò sí ẹ́sìpírẹ́ẹ̀sì. Ẹni tó bá ń ti Ìbàdàn lọ sÉkòó á gba Ìdí-Ayunrẹ́, á gba Màmú, á já s'Íjẹ̀bú-Òde kó tó wá forí lé ọ̀nà Ìkòròdú, ẹlòmíì sì máa ń gba Abẹ́òkúta. Kọ́nà pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn, igbó Gàmbàrí sì wà níbẹ̀, tí ilẹ̀ bá ṣú mọ́ dẹ́rẹ́bà lọ́nà tàbí tí taya bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú òjò, ibi tó máa sùn ló kọ́kọ́ máa wá. Àwọn tó bá wá sí ilé ìwádìí kòkó tí wọ́n dá sílẹ̀ n'Ídìí-Ayunrẹ́ ní 1964 náà máa ń sùn síbẹ̀, bàbá mi rántí òyìnbó kan tó máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sun àgbàdo fóun láàárọ̀ kùtùkùtù.

1978 ni wọ́n ṣí ẹ́sìpírẹ́ẹ̀sì, ọkọ̀ Èkó bá gba ibẹ̀ lọ. Bàbá mi wà nílé ìwé girama nígbà yẹn. Wọ́n ní àwọn máa ń jókòó ti bàbá àgbà lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé láti àárọ̀ títí oòrùn á fi kan àtàrí, wọ́n á máa ka ọkọ̀ akérò tó bá kọjá lórí ìka, ìka ọwọ́ kan ò ní tán. Wọ́n gba àwọn tíṣà sínú yàrá gẹ́gẹ́ bí ayálégbé, ìyẹn náà ò pẹ́, wọ́n bá kó wá sígboro, sí Mọ́lété. Ọdún kejì tí wọ́n débẹ̀ ni odò Ògùnpa ya wọlé, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, gbogbo ẹ̀yin ará Ìbàdàn lẹ mọ ọjọ́ yẹn. Omi gbé àpótí ìwé bàbá àgbà lọ, ìwé ilẹ̀, rìsíìtì, fọ́tò, gbogbo ẹ̀ pátá. 1984 ni bàbá àgbà fúnra wọn lọ.

Ohun tó ṣẹ́kù ni ìwé tí àwọn àlejò ń kọ orúkọ sí. Ìyá àgbà ti dì í mọ́ inú aṣọ òfì, wọ́n gbé e sókè àjà, omi ò dé ibẹ̀. Èmi ni mo rí i lọ́jọ́ tá a ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Ìwé ẹlẹ́yìn líle ni, ó gùn bí ìwé akọ̀wé kóòtù, ìlà tí wọ́n fi rúlà fà ló wà nínú ẹ̀: ọjọ́, orúkọ, ibi tí àlejò ti ń bọ̀, ibi tó ń lọ, owó, àtọwọ́bọ̀wé. Àwọn tí ò mọ̀ ọ́n kọ fi yíǹkì búlúù tẹ àtàǹpàkò wọn síbẹ̀, mo lè ka ìlà ara ìka wọn títí dòní. 1961 ló wà lójú ewé àkọ́kọ́. Ọwọ́ ìyá àgbà ni gbogbo ẹ̀, torí wọ́n ka ìwé mẹ́fà n'Íjẹ̀bú kí wọ́n tó wá s'Íbàdàn, bàbá àgbà ò kàwé, dẹ́rẹ́bà ni wọ́n kí wọ́n tó dẹ́kun ọkọ̀ wíwà.

Ìgbà tí mo wá ṣí ìwé náà láti ẹ̀yìn ni mo jókòó sílẹ̀. Ìyá àgbà ti dorí ìwé yẹn kodò, wọ́n ń ṣírò owó ilé kíkọ́ láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú. Sìmẹ́ńtì, páànù, ìṣó, káfíńtà, bẹ́ẹ̀dì onírin, àwo, ìkòkò. Níparí ìlà kọ̀ọ̀kan wọ́n kọ “T'èmi” tàbí “T'ọkọ mi”. Mo kà á, ìlà 47 ló wà ní ojú ewé mẹ́ta àkọ́kọ́, 39 nínú ẹ̀ jẹ́ “T'èmi”.

Ẹ wá wò ó, nílé wa “mòtẹ́ẹ̀lì Bàbá” ni gbogbo èèyàn ń pè é. Bàbá àgbà ní ìyàwó kejì, ọmọ ìyàwó kejì yẹn, ìyẹn bàbá kékeré mi, sọ nípàdé ẹbí lóṣù tó kọjá pé ọbẹ̀ ni ìyá àgbà ń sè níbẹ̀, pé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Wọ́n ń gbèrò àtita ilẹ̀ náà, ilé ti wó lápá kan, igbó ti bò ó, wọ́n sì tún ní kí èmi kọ ìwé pẹlẹbẹ kan nípa bàbá àgbà tí wọ́n máa pín fún ẹbí. Mi ò fẹ́ fi ìwé dá ìjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè kọ irọ́ síwájú òkú ìyá tó tọ́ mi dàgbà.

Ṣé ẹnì kankan wà níbí tó mọ ibẹ̀ nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́? Ibo ni mo ti lè rí àkọsílẹ̀ mìíràn, nígbà tí Ògùnpa ti gbé tiwa lọ? Fọ́tò kan wà lọ́wọ́ àǹtí mi, àwọn méjèèjì dúró níwájú ilé, mọ́tò kan ń kọjá lẹ́yìn wọn, kò sí déètì lára ẹ̀, ṣé ọ̀nà wà téèyàn fi lè mọ ọdún ẹ̀?

Bàbá Ọlọ́kọ̀ Obì

Ọmọ mi, kú ilé, ẹ kú ìnáwó ìyá, Ọlọ́run á jẹ́ kó jẹ́ àgbà tó kẹ́yìn tí ẹ máa sin fún ìgbà pípẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin ló ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí, èmi ń sọ ọ́ lẹ́nu.

Mo mọ ibẹ̀. Mo mọ ibẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n àwa tá a wà lójú títì ò pè é ní mòtẹ́ẹ̀lì Bàbá rí. “Ọ̀dọ̀ Ìyá Ìjẹ̀bú” là ń pè é. Tí ọ̀gá kan bá pàdé ọ̀gá kejì ní gárééjì tó bi í pé níbo lo sùn, á ní mo sùn lọ́dọ̀ Ìyá Ìjẹ̀bú, ó parí.

1967 ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kọ̀ńdọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Obì là ń kó láti Ṣágámù wá sí Sábó n'Íbàdàn, àwọn Hausa ló máa ń kó o lọ sókè ọya. Obì ò fẹ́ kó pẹ́ lọ́nà, ooru á pa á, torí náà òru la máa ń rìn jù. Àtùpà kan wà lórí òpó níwájú ilé yín. Ìyá àgbà ẹ ló máa ń tàn án, mi ò rí i kí ẹlòmíì tàn án. Tá a bá jáde ní kọ́nà tó kẹ́yìn tá a rí iná yẹn, ọ̀gá mi á mí kanlẹ̀, á ní “a ti délé”. Ìyá á ti gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì wa kí a tó dúró, wọ́n á ti máa bu oúnjẹ. Ìkọ́kọrẹ́ wọn! Ewùrà tí wọ́n rin fúnra wọn, ẹja gbígbẹ, epo pupa tó ń tàn lójú àwo, mo ti jẹ ìkọ́kọrẹ́ kiri láti ìgbà yẹn, n ò tíì rí irú ẹ̀.

Ọ̀gá mi sọ fún mi pé nígbà wẹ́tìẹ̀, ìyẹn rògbòdìyàn òṣèlú tí wọ́n ti ń dáná sun ilé àti èèyàn, ìparí 1965 wọ 1966, wọn kì í tan àtùpà yẹn rárá. Wọ́n á pa ilé dúdú. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ á kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n á wo ojú ẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i.

Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ín-rín bàbá àgbà ẹ náà o. Dẹ́rẹ́bà ni wọ́n, wọ́n mọ inú mọ́tò. Lóru ọjọ́ kan ṣáàfù wa gé, bàbá ló gbé láńtánì wọ abẹ́ ọkọ̀, nígbà tí wọ́n rí i pé agbára àwọn ò ká a, wọ́n gun kẹ̀kẹ́ lọ jí mẹkáníìkì n'Ídìí-Ayunrẹ́ nínú òkùnkùn yẹn. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Ẹni tó bá sùn sọ́dọ̀ wọn, ẹrù ẹ̀ ò ní sọnù, torí bàbá kì í sùn tán.

Mo tún fẹ́ sọ ọ̀kan fún ẹ tó ò lè rí nínú ìwé. Ọwọ́ òsì la máa ń gbà wakọ̀ ní Nàìjíríà tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, ọjọ́ Àìkú Àjíǹde, ni wọ́n yí i sọ́wọ́ ọ̀tún. Ilé yín, ọwọ́ ọ̀tún ló bọ́ sí fún ẹni tó ń ti Ìjẹ̀bú-Òde bọ̀. Ṣáájú ọjọ́ yẹn a gbọ́dọ̀ sọdá títì ká tó wọlé, kọ́nà sì wà nítòsí, ó léwu púpọ̀. Lẹ́yìn ẹ̀, tààrà là ń wọlé, àwọn tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ ló wá ń sọdá. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ìyá ní kí wọ́n hú pátákó níbi tó wà, kí wọ́n gbé e lọ sápá ibi tí ẹni tó ń ti Ìjẹ̀bú bọ̀ á ti tètè rí i. Mo wà níbẹ̀, èmi àti àwọn kọ̀ńdọ́ méjì la bá wọn gbé e. Bàbá ń gbẹ́ kòtò. Ìyá dúró sí ojú títì, wọ́n na ọwọ́ jáde, “ẹ tún sún un, ẹ tún sún un díẹ̀.” Ìgbà mẹ́rin la sún un.

Ọmọ Ọ̀nà Ìjẹ̀bú

Bàbá, mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ yín fún bàbá mi lórí fóònù, wọn ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé àwọn rántí àtùpà yẹn, pé kẹrosíìnì ẹ̀ làwọn máa ń lọ rà. Àwa ọmọ-ọmọ ò gbọ́ “Ọ̀dọ̀ Ìyá Ìjẹ̀bú” rí láyé wa. Ṣé mo lè wá kí yín? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí ọmọ yín fi àdírẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀.

Akọ̀wé Ìwé Àtijọ́

Àbúrò, ẹ kú iṣẹ́. Iṣẹ́ ìwé àtijọ́ ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ fi fóònù ya gbogbo ojú ewé ìwé yẹn, lójú ọ̀sán, nítòsí fèrèsé, iwájú àti ẹ̀yìn, títí kan èyí tí kò sí nǹkan lójú ẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni méjì ó kéré tán. Omi ti kó ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ má jẹ́ kí ọ̀kan yìí wà níbì kan ṣoṣo. Tí ojú ewé bá ya, ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, ẹ má sì gbé e lọ fún àwọn tó ń lámínéètì, mo ti rí ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ilẹ̀ tí ìyẹn bà jẹ́ kọjá àtúnṣe. Aṣọ funfun tó mọ́ tó sì gbẹ ni kẹ́ ẹ fi dì í, kì í ṣe ọ̀rá. Ìyá yín mọ ohun tí wọ́n ń ṣe pẹ̀lú aṣọ òfì yẹn.

Ní ti fọ́tò, Bàbá Ọlọ́kọ̀ Obì ti fún yín ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ láìmọ̀. Ẹ wo mọ́tò tó ń kọjá lẹ́yìn wọn. Tí ó bá jẹ́ ọwọ́ òsì ló gbà, fọ́tò yẹn ti wà ṣáájú April 1972. Tí ó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún, lẹ́yìn ẹ̀ ni. Ẹ tún wo ibi tí pátákó wà. Ẹ yí fọ́tò náà padà kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀, àwọn fọ́tógíráfà ìgbà yẹn máa ń lu òǹtẹ̀ sí i, nígbà míì á ti ṣá débi pé ẹ̀gbẹ́ kan lèèyàn máa kọ́kọ́ rí.

Owó inú ìwé náà á bá yín mọ ọjọ́. Ọjọ́ kìíní January 1973 la bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà àti kọ́bọ̀ tuntun, pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè mẹ́wàá di náírà kan. Tí yàrá bá jẹ́ ṣílè 15 ní December, ₦1.50 ló yẹ kẹ́ ẹ rí ní January. Tó bá jẹ́ ₦2 lẹ rí, á jẹ́ pé wọ́n fi owó lé e lásìkò yẹn, ìyẹn náà jẹ́ ìtàn.

Ibi tẹ́ ẹ ti lè wá àkọsílẹ̀: National Archives wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ béèrè àwọn fáìlì tí wọ́n ń pè ní Iba Div, ti Ìbàdàn Division láyé òyìnbó nìyẹn, àti Oyo Prof, ti Ọ̀yọ́ Province. Ẹ má retí pé ẹ máa rí orúkọ mòtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀, ọ̀rọ̀ títì, ọ̀rọ̀ ilẹ̀, owó orí àti ẹjọ́ ìletò ló pọ̀ jù, ẹ wá orúkọ àwọn ìletò tó yí ilé yín ká. Ẹ mú pẹ́ńsù dání, ẹ mú sùúrù dání ju pẹ́ńsù lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lọ sí láíbìrì Kenneth Dike níbẹ̀ náà, ẹ wo ìwé ìròyìn àtijọ́, Tribune bẹ̀rẹ̀ ní 1949, Daily Sketch bẹ̀rẹ̀ ní 1964, Ìbàdàn ni wọ́n ti ń tẹ méjèèjì, ojú ewé ìpolówó ni kẹ́ ẹ máa wò.

Ilẹ̀ ńkọ́? Tí ẹnikẹ́ni bá ti forúkọ ìwé ilẹ̀ yẹn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ẹ̀dà ẹ̀ yẹ kó wà ní ẹ̀ka ilẹ̀ ní Sẹkitéríàtì, Àgọ́dì. Ògùnpa ò gbé tibẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ìgbà yẹn, ìwé àdéhùn lásán àti ẹlẹ́rìí ló wà fún un, wọn ò forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan.

Ẹ̀gbọ́n Mókọ́lá

Mo fẹ́ ta kò yín díẹ̀ àbúrò mi, ẹ má bínú sí mi, torí mo rí i pé ẹ fẹ́ òótọ́.

Ẹ ní ìlà 39 nínú 47 jẹ́ “T'èmi”. Ìlà kì í ṣe owó. Ìṣó kìlógíráàmù kan ìlà kan, páànù bọ́ńdù mẹ́wàá ìlà kan. Ẹ má ka ìlà, ẹ ro owó pọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ìlà mẹ́jọ bàbá tó ìdajì ilé. Tí ẹ bá gbé ìlà 39 yẹn síwájú ẹbí tí ẹnì kan wá jókòó ro ó pọ̀, wọn ò ní gba gbogbo ìyókù tẹ́ ẹ bá sọ gbọ́ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́.

Ìkejì, sìmẹ́ńtì ò sọ ẹni tó ni ilẹ̀. Ẹ ò sì gbọ́dọ̀ ṣe bí ẹni pé ẹ ò mọ ìdí tí bàbá kékeré yín fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ti bàbá, ìdí-igi ni wọ́n máa fi pín in, ìyàwó méjì, ọ̀nà méjì, ọmọ ìyàwó kejì á mú ìdajì. Tó bá jẹ́ ti ìyá, àwọn ọmọ ìyá nìkan ló ni ín. Ìtàn lẹ̀yin ń wá, ogún ni wọ́n ń gbọ́. Ẹ ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lọ sọ́dọ̀ lọ́yà, kẹ́ ẹ wá kọ ìtàn yín ní àlàáfíà, àìṣe bẹ́ẹ̀ ìwé pẹlẹbẹ yẹn á di ẹ̀rí ní kóòtù, ẹ ò sì ní gbádùn ẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Àdó

Mo gba ti Ẹ̀gbọ́n Mókọ́lá lórí owó ríròpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ lórí ilẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ìyá mi, Òkè-Àdó ni wọ́n bí mi sí. Nígbà yẹn kò rọrùn fún Ìjẹ̀bú láti ra ilẹ̀ n'Íbàdàn lórúkọ ara ẹ̀. Àríyànjiyàn tó wà lórí ẹ̀ kúrò ní kékeré, ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi ń fà á. Obìnrin Ìjẹ̀bú tó bá fẹ́ ọmọ Ìbàdàn, orúkọ ọkọ ló máa fi gba ilẹ̀, kì í ṣe pé ọkọ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ọ̀nà tó wà nìyẹn. Torí náà tí ẹ bá dé Àgọ́dì tẹ́ ẹ rí orúkọ bàbá nìkan, ẹ má jẹ́ kó bà yín nínú jẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí.

“T'èmi, T'ọkọ mi” yẹn mú omi bọ́ lójú mi. Ìyá mi náà ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, wọ́n ń ta àdìrẹ, bàbá mi ń ṣiṣẹ́ rélùwéè. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé mo rò pé ìjà ló fà á tí wọ́n fi ń ya owó sọ́tọ̀, mo bi wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹni méjì tó ń tu ọkọ̀ ojú omi, kálukú gbọ́dọ̀ mọ àjẹ̀ tiẹ̀. Ètò ni, ìfẹ́ wà nínú ẹ̀. Ẹ má kà á bí ìwé ẹjọ́.

Ibo ni ìyá yín ti rí owó? Ẹ béèrè ìyẹn. Obìnrin ìgbà yẹn ò ní báńkì, èésú ni. Ẹ wá ọmọ àwọn tí wọ́n jọ dá èésú, ẹ wá ọjà tí wọ́n ń ná kí mòtẹ́ẹ̀lì tó dé. Kẹ́ ẹ sì dé ilé wọn n'Íjẹ̀bú, kẹ́ ẹ ní kí àgbà obìnrin kan ki oríkì wọn fún yín, kẹ́ ẹ ká ohùn ẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo ìwé ẹbí tí mo ti kà, oríkì ọkọ ló máa ń wà níwájú, ti ìyàwó ò ní sí níbì kankan.

Ọmọ Ọ̀nà Ìjẹ̀bú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, mo padà wá jábọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Mókọ́lá, ẹ ṣeun, òótọ́ lẹ sọ. Mo jókòó ro owó pọ̀ lóru ọjọ́ méjì. Ìlà 39 ti ìyá àgbà jẹ́ £412. Ìlà mẹ́jọ ti bàbá àgbà jẹ́ £205, torí páànù àti bẹ́ẹ̀dì onírin ni wọ́n rà, àwọn nǹkan ńlá. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ni ti ìyá, kì í ṣe bí mo ṣe kọ́kọ́ rò. Mo sì rí ìlà kan tí mo fò dá tẹ́lẹ̀, lókè pátápátá, kò ní iye owó: “Ilẹ̀, ti ẹbí ọkọ mi, ọtí àti obì.” Nítorí náà kì í ṣe pé wọ́n ra ilẹ̀ pàápàá, ẹbí bàbá àgbà ló fún wọn. Ìyá àgbà fọwọ́ ara wọn kọ ọ́ síbẹ̀, wọn ò fi pamọ́. Ìyẹn mú kí n fẹ́ràn wọn sí i.

Àǹtí mi gbé fọ́tò wá. Mọ́tò tó wà lẹ́yìn wọn, ọwọ́ òsì ló gbà. Pátákó wà níbi tó wà kí wọ́n tó hú u. Ìyá àgbà fi ọwọ́ kan di kọ́kọ́rọ́ kan mú, igi pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ 3 sí rọ̀ mọ́ ọn, bàbá àgbà sì na ọwọ́ sí ilé bí ẹni tó ń fi í hàn àlejò.

Bàbá Ọlọ́kọ̀ Obì, mo wá oṣù kẹrin 1972 nínú ìṣirò ẹ̀yìn ìwé. Ó wà níbẹ̀. Ọjọ́ kẹfà: “Káfíńtà, pátákó gbígbé, ṣílè 12, T'èmi.” Ìlà tó tẹ̀ lé e: “Ẹmu fún àwọn ọmọ ọkọ̀ mẹ́ta tó bá wa gbé e, ṣílè 2, T'ọkọ mi.” Ẹ̀yin nìyẹn Bàbá. Ẹ wà nínú ìwé wa láti ọdún yẹn, àwa ò mọ̀.

Mo mú gbogbo ẹ̀ lọ bá bàbá kékeré mi, èmi nìkan, kì í ṣe nípàdé. Mo ka ọ̀rọ̀ yín fún wọn, mo ka ti ìlà ilẹ̀ náà fún wọn kí wọ́n má ba à rò pé mo ń yan èyí tó wù mí. Wọn ò sọ̀rọ̀ títí. Wọ́n wá ní ìyá àgbà ló kọ́ àwọn ní ABD nínú ilé ìdáná yẹn, ẹ̀yìn ìwé kan náà ni wọ́n fi kọ́ àwọn. Mo ṣí i. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, lẹ́tà wọ́gọwọ̀gọ ọmọdé, ojú ewé kan ààbọ̀. Wọn ò tíì gbà pé kí n pe ìwé pẹlẹbẹ náà ní “Ọ̀dọ̀ Ìyá Ìjẹ̀bú”, a ṣì ń bá ọ̀rọ̀ yẹn bọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé orúkọ àwọn méjèèjì ló máa wà níwájú. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ lọ́yà, mi ò ní dá sí i.

Ọjọ́ Sátidé yìí ni mò ń lọ s'Íjẹ̀bú fún oríkì, màá gba ọ̀dọ̀ yín wọlé Bàbá, tí ẹ bá gbà mí láyè.

Bàbá Ọlọ́kọ̀ Obì

Máa bọ̀, ọmọ mi. Wá láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Mo rántí ẹmu yẹn. Mú ìwé náà dání, má ṣe mú fọ́tò fóònù wá, ìwé gan-an ni kó o mú wá. Ọ̀gá mi ò mọ̀wé, òkú ẹ̀ ti pé ọdún mẹ́wàá, àwọn ọmọ ẹ̀ ò ní nǹkan kan tó jẹ́ ti ọwọ́ ẹ̀. A sùn síbẹ̀ lóṣù kọkànlá 1967, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ wò ó bóyá àtàǹpàkò ẹ̀ wà níbẹ̀.